Fántásì Líìgì Gẹ̀ẹ́sì (sáà 2025/26, kí Ife Áfíríkà oṣù Kejìlá 2025 tó bẹ̀rẹ̀): ṣé kí n kó owó lé ìràwọ̀ lórí, àbí kí n pín in káàkiri?

Télọ̀ Òkè-Ajé (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá.

Àwa ọ̀dọ́ inú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa (ẹgbẹ́ àwa tí ọjọ́ orí wa súnmọ́ra) dá líìgì fántásì kékeré kan sílẹ̀ lórí ti Premier League, àwa mẹ́rìnlá. Kálukú ń fi owó inú eré, tí kì í ṣe owó gidi, ra agbábọ́ọ̀lù 15, ohun tí wọ́n bá ṣe ní pápá gidi ló ń di àmì fún un. Kò sówó tẹ́tẹ́ níbẹ̀. Àdéhùn wa ni pé ẹni tó bá gbégbá orókè, àwa yòókù la máa dáwó ra aṣọ Ojúde Ọba fún un, tòun ti fìlà àti bàtà. Sáà bọ́ọ̀lù máa parí ní 24 oṣù Karùn-ún 2026, Iléyá sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti ń gbóná báyìí. Èmi náà ni mo máa rán aṣọ ọ̀hún. Ó wù mí gan-an kó jẹ́ ara mi ni mo máa wọn.

Ipò kẹfà ni mo wà. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ bi yín. Nínú mílíọ̀nù 100 tí wọ́n ń fún wa, ṣé kí n kó o lé àwọn ìràwọ̀ méjì mẹ́ta lórí, kí n fi aláìlórúkọ dí àyè tó kù, àbí kí n pín in dọ́gba? Èkejì: ẹnì kan tí a jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù ń sọ fún mi pé ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù tó báyìí, tí kò fi ta tẹ́tẹ́, ara rẹ̀ ló ń rẹ́ jẹ. Ó ní kí n máa kó eré mẹ́wàá tí kò le sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, odds 1.20, 1.20 (ìyẹn ni pé náírà kan máa di 1.20 bó bá wọlé), pé irú wọn kì í já. Kí lẹ rí sí i?

Olùkọ́ Ìṣirò (Ìlíṣàn-Rẹ́mọ)

Ìbéèrè kejì ni mo máa dáhùn, nítorí òun ló ń jẹ àwọn ọmọkùnrin wa lówó.

Jẹ́ ká gbà pé òótọ́ ni àwọn eré yẹn kò le. Ká ní nínú 100 irú eré bẹ́ẹ̀, 80 máa wọlé. Bí o bá ta wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ní 1,000 náírà, odds 1.20, o ti ná 100,000, o gba 96,000 padà. Iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ jẹ 4,000 lórí rẹ. Ó ti burú, ṣùgbọ́n kò tíì burú jù.

Wá kó mẹ́wàá jọ. Odds 1.20 lọ́nà mẹ́wàá jẹ́ 6.19. O rí i pé 1,000 máa di 6,190, inú rẹ dùn. Ṣùgbọ́n kí eré mẹ́wàá tí ìkọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 80 nínú 100 wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan bí 11 péré ni nínú 100. Ta 100 irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀: o ná 100,000, o gba nǹkan bí 68,000. Eré kan náà ni, ìmọ̀ kan náà ni, 4,000 ti di nǹkan bí 32,000. Gbogbo eré tí o bá fi kún tíkẹ́ẹ̀tì, iléeṣẹ́ ń bu tirẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi bónọ́ọ̀sì fa ojú ẹni tó bá kó eré púpọ̀ jọ.

Bí o bá fẹ́ rí ibi tí èrè wọn wà, wo eré tí wọ́n gbé 1.90 lé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí over 2.5 àti under 2.5 (góòlù mẹ́ta sókè, tàbí méjì sísàlẹ̀). Pín 100 sí 1.90, o máa rí 52.6. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ jẹ́ 105.2. Nǹkan kan kò lè ju 100 lọ nínú 100. Èyí tó lé yẹn, tiwọn ni.

Ìyá Ilé Bọ́ọ̀lù (Ṣágámù)

Télọ̀, ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Olùkọ́, ẹ ṣeun, mo máa tẹ iṣẹ́ yín yìí sórí ìwé, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni mo ní ní Ṣágámù níbí, gbogbo eré Sátidé àti Sọ́ńdè ló ń ṣojú mi. Mo ní ìwé kan lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gba owó ìwọlé. Mo fa ìlà sí i: orúkọ agbábọ́ọ̀lù, ìṣẹ́jú tó wọlé, ìṣẹ́jú tó jáde, ẹni tó gbá kọ́nà, ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù pẹnáritì. Àwọn ọmọ tó ń wá wòran rò pé owó ni mo ń kọ. Ìwé yẹn ni mo fi ń yan ikọ̀ mi.

Ìṣẹ́jú ni mo kọ́kọ́ ń wò, kí n tó wo orúkọ. Ẹni tó bá pé 60 ìṣẹ́jú lórí pápá ti ní àmì 2 kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹni tí kò pé e, àmì 1. Adínà tí ikọ̀ rẹ̀ kò jẹ góòlù, àfi kó pé 60 ìṣẹ́jú náà kó tó gba àmì 4 tirẹ̀. Mo ti rí àwọn ọmọ tó ń ra atamátàsé olówó ńlá tí kóòṣì rẹ̀ ń yọ ní ìṣẹ́jú 58 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọn kò wo aago.

Ní ti ìràwọ̀. Nígbà tí sáà yìí bẹ̀rẹ̀, Salah ti Liverpool jẹ́ mílíọ̀nù 14.5, Haaland ti Manchester City 14.0. Ra àwọn méjèèjì, ó ku 71.5 fún àwọn mẹ́tàlá, 5.5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé Salah gba àmì 344 ní sáà 2024/25, kò sí ẹni tó gba iye yẹn rí nínú fántásì yìí. Ṣùgbọ́n balógun kan ṣoṣo lo lè yàn, tirẹ̀ nìkan ni àmì ń di ìlọ́po méjì. Ìràwọ̀ kejì tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmì ẹyọ ẹyọ ló máa fi san owó gọbọi tí o kó lé e. Ó ṣòro. Èmi a máa ra ẹyọ kan tí mo lè fi ṣe balógun lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí owó tó kù lọ sí àárín, nítorí ará àárín gba àmì 5 lórí góòlù kan, atamátàsé gba 4.

Má fojú kéré àwọn adínà ẹ̀yìn ní sáà 2025/26 yìí o. Wọ́n ti yí òfin padà. Adínà tó bá gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹlòmíì, tó gbá a dànù, tó fara dí i, tó já a gbà lọ́nà, tí gbogbo rẹ̀ bá pé 10 nínú eré kan, àmì 2 ni. Ará àárín àti ará iwájú gbọ́dọ̀ pé 12, ṣùgbọ́n wọ́n ń ka bọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣà padà mọ́ ọn fún wọn. Wo àwọn bíi Tarkowski ti Everton àti Senesi ti Bournemouth: gbogbo eré ni bọ́ọ̀lù ń bọ́ lé wọn lórí, owó wọn kò sì tó ìdajì ti Haaland. Bí irú wọn kò bá jẹ góòlù, tó tún pé 10, àmì 8 ni. Atamátàsé tó gbá góòlù kan wọlé, àmì 6 ló mú lọ sílé, bí kò bá gba bónọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ọmọ kì í fẹ́ gbọ́ èyí, góòlù nìkan lẹ̀ ń pariwo lé lórí.

Aṣọ́lé kejì, má ná ju mílíọ̀nù 4.0 lọ lórí rẹ̀. Dúbravka ti Burnley bẹ̀rẹ̀ sáà ní 4.0, ó sì ń gbá.

Pípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù inú ikọ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀. Ẹyọ kan lọ̀fẹ́ lọ́sẹ̀, o lè tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi pé márùn-ún. Èyí tó bá lé, àmì 4 ni wọ́n ń yọ. Alẹ́ Sọ́ńdè, tí ara ṣì ń gbóná, ni àwọn èèyàn ń pààrọ̀. Ní Wẹ́sìdeè, ẹni tí wọ́n rà ti fara pa níbi ìdánrawò. Mú sùúrù di Ọjọ́bọ̀ tàbí Ẹtì, kí àwọn kóòṣì ti bá oníròyìn sọ̀rọ̀. Ẹni tó sì ń fi èrè lórí agbábọ́ọ̀lù dá ara rẹ̀ lójú, kó rántí pé ìdajì èrè ni wọ́n ń fúnni: ohun tí o rà ní 7.0 tó di 7.6, 7.3 lo máa tà á.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ìwọ tó wà ní ipò kẹfà: ṣí ikọ̀ àwọn márùn-ún tó wà lókè rẹ wò. Bí gbogbo wọn bá ní Haaland, ìwọ náà ní in, Haaland kò lè gbé ọ bá wọn, kò kàn ní jẹ́ kí o jìnnà sí wọn ni. Ẹni tí wọn kò ní, tó ń gbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ló máa gbé ọ lọ. Wá irú ẹ̀ méjì. Má wá mẹ́fà.

Ìbéèrè tẹ́tẹ́, ohun tí ojú mi ń rí ni mo máa fi kún ti Olùkọ́. Lálẹ́ Sátidé, tí mo bá ń gbálẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ń kó. Mo máa ń tú wọn wò. Eré mẹ́wàá, mẹ́sàn-án wọlé, ọ̀kan já. Ẹni tó ni ín á lọ sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ó kù díẹ̀, pé òun mọ̀ ọ́n ta, á sì padà wá lọ́jọ́ kejì. Tíkẹ́ẹ̀tì tó já ní eré kan àti èyí tó já ní mẹ́jọ, iye kan náà ni wọ́n san: òfo. Inú fántásì, mẹ́sàn-án tó wọlé nínú mọ́kànlá, àmì wọn wà lọ́wọ́ rẹ títí sáà á fi parí. Ìmọ̀ tí o ní yìí, ibẹ̀ ló ti ń so èso. Ẹni tó bá wá bá mi pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé, tó ń béèrè booking code (nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹlòmíì ti kó jọ), ẹnu ọ̀nà ni mo ń fi hàn án. Òfin ní kò yẹ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ta tẹ́tẹ́.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́

Màmá, mo gbà, ẹ kú làákàyè. Ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo tẹ́tẹ́ ṣe ọ̀kan. Èmi kì í fọwọ́ kan eré Gẹ̀ẹ́sì. Líìgì ilé wa, ti Nàìjíríà, ni mo mọ̀. Ẹgbẹ́ 20, eré 38, ẹni tó bá lọ bá onílé nílé, agbára káká ló fi ń mú ọ̀mì bọ̀. Ẹ wo bí àwọn El-Kanemi ṣe ń ti Màìdúgúrì wá bá wa ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹsẹ̀ wo ni wọ́n fẹ́ fi sáré? Remo Stars, ẹgbẹ́ Ìkẹ́nnẹ́ wa, gba ife líìgì ní 2025, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ẹni tó bá ń wá sí pápá mọ ohun tí ilé ṣe fún wọn. Eré kan ṣoṣo lórí tíkẹ́ẹ̀tì, onílé, ó parí.

Ìyá Ilé Bọ́ọ̀lù (Ṣágámù)

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, inú mi dùn sí ife yẹn bí ẹni pé ọmọ mi ló gbà á. Eré kan lórí tíkẹ́ẹ̀tì sì sàn ju mẹ́wàá lọ, Olùkọ́ ti fi nọ́ńbà hàn wá. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwọ mọ̀ nípa onílé, ẹni tó gbé odds kalẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé Màìdúgúrì jìnnà. Ìdí nìyẹn tí owó tó ń gbé lé onílé fi kéré tó bẹ́ẹ̀. Àfi tí o bá mọ ohun tí òun kò mọ̀: aṣọ́lé tó ń tiro níbi ìdánrawò, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì san owó fún. Bí o kò bá mọ irú ẹ̀, àlàyé tí òun náà ní lo fi ń bá a jà.

Ọ̀rọ̀ ilé gan-an, kí o yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ní oṣù Kẹwàá 2025, nígbà tí Remo Stars gbàlejò Mamelodi Sundowns ti South Africa nínú ìdíje àwọn akọni Áfíríkà (CAF Champions League), orúkọ tiwọn ló ṣáájú lórí tíkẹ́ẹ̀tì bí onílé. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti gbá a, kì í ṣe Ìkẹ́nnẹ́. Wọ́n jẹ márùn-ún, wọ́n gbá ẹyọ kan wọlé. Ìkẹ́nnẹ́ lo mọ̀, o kò mọ ohun tó ń jẹ́ ilé lórí ìwé.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́

Ti Abẹ́òkúta yẹn dùn mí wọnú egungun. Mo gbọ́ yín, Màmá. Mi ò ní fi í sílẹ̀ pátápátá o, ṣùgbọ́n màá máa wo pápá kí n tó wo orúkọ.

Télọ̀ Òkè-Ajé (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ ṣeun púpọ̀, Màmá. Olùkọ́, mo ti ka iṣẹ́ yẹn sí ẹni inú ṣọ́ọ̀bù létí, kò tíì fún mi lésì.

Ó ku ọ̀kan. Mo ní Iwobi, Mbeumo àti Sarr ti Crystal Palace nínú ikọ̀ mi. Ife Áfíríkà ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá, wọ́n á lọ gbá fún orílẹ̀-èdè wọn. Ṣé kí n ti máa tà wọ́n báyìí? Mo tún gbọ́ pé aago tí wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn, tí èèyàn kò ní lè yí ikọ̀ rẹ̀ padà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ náà, ti yí.

Ìyá Ilé Bọ́ọ̀lù (Ṣágámù)

Má tíì tà wọ́n. Mòrókò ni wọ́n ti máa gbá a, láti 21 oṣù Kejìlá 2025 di 18 oṣù Kíní 2026. Àwọn tó ni fántásì ti sọ pé ní ọ̀sẹ̀ ìdíje 16, wọ́n máa kún pípààrọ̀ lọ̀fẹ́ gbogbo èèyàn títí yóò fi pé márùn-ún. Ná gbogbo èyí tí o tọ́jú kó tó dìgbà yẹn, nítorí márùn-ún náà ni wọ́n máa fún ẹni tó ní mẹ́rin àti ẹni tí kò ní rárá. Lo àwọn mẹ́ta rẹ títí di ìgbà náà, kí o wá yọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Semenyo ti Bournemouth kò ní lọ síbikíbi, Gánà kò yege. Wo bóyá owó Mbeumo lè bọ́ sí i.

Ní ti aago: ìṣẹ́jú 90 ṣáájú eré àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dá aago wọn padà, a ti fi wákàtí kan ṣáájú wọn báyìí. Tí eré àkọ́kọ́ bá jẹ́ ti Sátidé ní aago 12:30 tiwọn, ọ̀sán gangan, aago 12, ni tiwa ń tì. Tó bá jẹ́ ti alẹ́ Ẹtì, aago 8 tiwọn, aago méje àbọ̀ alẹ́ ni ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìgbà tí ìwọ ṣì wà nídìí ẹ̀rọ. Ṣe é láàárọ̀. Kí o sì yan igbákejì balógun tí yóò gbá eré mìíràn yàtọ̀ sí ti balógun, torí bí wọ́n bá sún eré kan síwájú, àwọn méjèèjì lè bá a lọ. Igbákejì kì í sì gba ipò àfi tí balógun kò bá tẹ pápá rárá. Ìṣẹ́jú kan péré tí Haaland bá gbá, òun náà ni.