Mo fẹ́ sin ẹja trout nílé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọẸ̀gbá_Sheffield
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní adágún kékeré kan lẹ́yìnkùlé mi ní Sheffield. Ó gba nǹkan bíi lítà 3,000, jíjìn rẹ̀ kò tó mítà kan, oòrùn sì máa ń pa á láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Àrọ̀ la máa ń sìn nílé wa l'Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n rainbow trout, ẹja omi tútù kan, ló wù mí níbí ní England: ó rẹwà, ó sì dùn jẹ. Ìyàwó mi ní kí n kúkú ra àpótí gíláàsì ńlá sí pálọ̀. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?

ÌyáÌbejì_Leeds
Kí ẹ tó ra ẹja kankan, ẹ ju tẹmọ́mítà sínú adágún yẹn, kí ẹ máa wò ó láti oṣù kẹfà títí dé ìkẹjọ. Omi tí kò ju dígírì 10 sí 16 lọ ni ara trout ń fẹ́. Tó bá ti kọjá 20, ìnira ti dé bá a nìyẹn. Tó bá fi máa tó 25, ikú ló kàn. Ẹ rántí ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2022, tí ooru dé dígírì 40.3 ní Coningsby ní Lincolnshire. Adágún tí kò jìn, tí kò sì ní ibòji, kò lè gba trout là ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ẹja yẹn ń bà mí, kí n sòótọ́.

Alárọ̀_Ìkòròdú
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ojú àrọ̀ wo ẹja yìí rárá. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí afẹ́fẹ́ lókè omi, ìdí nìyẹn tí a fi lè kó o jọ gìdìgìdì sínú táńkì kó má sì kú. Trout kò ní irú rẹ̀. Ọ́síjìn inú omi nìkan ló gbójú lé. Omi tútù ló sì ń gba ọ́síjìn mọ́ra: ní dígírì 10, lítà omi kan lè gba nǹkan bíi mílígíráámù 11, ṣùgbọ́n ní dígírì 25, díẹ̀ ló fi ju 8 lọ. Bí ooru ṣe ń dín ọ́síjìn kù, bẹ́ẹ̀ náà ló ń mú kí ẹja túbọ̀ nílò rẹ̀. Òru ni kí ẹ ṣọ́ jù, torí ewéko inú omi náà ń fa ọ́síjìn lóru. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi kò gbọ́dọ̀ sinmi.

Tíṣà_Maryland
Ní ti àpótí gíláàsì, ẹ gbọ́ tèmi. Ilé ìwé wa wà nínú ètò Trout in the Classroom, èyí tí Trout Unlimited, ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo trout àti odò wọn, ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbí ní Amẹ́ríkà. Inú àpótí tó gba nǹkan bíi lítà 200 la ti ń pa ẹyin, ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Nígbà tó bá yá, a ó kó àwọn ọmọ ẹja náà lọ sí odò tí ìjọba ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí. Ọmọ ẹja ni wọ́n ṣì jẹ́ nígbà yẹn o! Trout tó ti dàgbà kì í ṣe ẹja pálọ̀. Ó ń fẹ́ omi tó ń ṣàn àti àyè tó gbòòrò, ó sì máa ń fò jáde bí kò bá sí ìdérí. Mo bẹ yín, ẹ fi ti àpótí yẹn sílẹ̀.

Bọ̀dé_Inverness
Mi ò gbà pé kò ṣeé ṣe ní adágún o. Ní Australia, àwọn kan tó ń sin ẹja pọ̀ mọ́ ewébẹ̀ lẹ́yìnkùlé máa ń kó trout sómi nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀, wọn á sì ti kó o jẹ tán kí ooru tó dé. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbẹ́ adágún yẹn jìn sí i kó tó mítà kan àbọ̀, ẹ ta nǹkan tó máa ṣíji bò ó, ẹ jẹ́ kí omi máa dà láti òkè bọ́ sínú rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, ẹ ra èyí tó ti tóbi díẹ̀, kí ẹ má sì rà ju bíi mẹ́wàá lọ. Kí oṣù kẹfà tó wọlé, kí gbogbo wọn ti wà nínú ìkòkò.

Omi ẹ̀rọ ní chlorine, kẹ́míkà tó lè pa ẹja, ẹ wá oògùn tó ń mú chlorine náà kúrò. Ẹ sì tètè tan fílítà kí ẹja tó dé, torí pé nínú omi tútù, ó máa ń pẹ́ kí bakitéríà inú fílítà tó pọ̀ tó, àwọn tó ń sọ amóníà, ìdọ̀tí olóró tó ń ti ara ẹja jáde, di nǹkan tí kò léwu.

ÌyáÌbejì_Leeds
Ti Bọ̀dé yìí tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ kàn sí Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ odò àti ẹja ní England, kí ẹ tó rà á, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní àṣẹ ni kí ẹ sì ti rà á. Ẹ má dà á sódò láéláé, bó ti wù kó pọ̀ tó.

ỌmọẸ̀gbá_Sheffield
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé kò sí àpótí mọ́. Máa gbẹ́ adágún náà sí i lẹ́ẹ̀rùn yìí. Ṣé mo lè kó goldfish àwọn ọmọ mi pọ̀ mọ́ ọn?

Alárọ̀_Ìkòròdú
Rárá o. Trout máa ń jẹ ẹja tó bá kéré sí i. Ẹ wá ibòmíràn fún tàwọn ọmọ.