Mo ra road bike, ọwọ́ ń kú, ọrùn ń ro: ṣé kí n tà á?

Ọmọ Ìlá, Nottingham
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojú òtútù o. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe, aago méje àárọ̀ ni mo máa ń wọlé, bọ́ọ̀sì tó yẹ kó gbé mi kì í sì í dé lásìkò. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ra road bike àlòkù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, èyí tí ibi ìdìmú rẹ̀ ká bí ìwo àgbò. £180 ni. Máìlì márùn-ún ni ilé mi sí ibi iṣẹ́. Kí n tó débẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì á ti kú, ọrùn á máa ro mí bí ẹni tó ru igi, ìdí ò sì ní ṣeé fi jókòó. Bàbá bàbá mi gun Raleigh lọ sóko fún ọ̀pọ̀ ọdún, a ò gbọ́ kí wọ́n ráhùn rí. Ṣé ara mi ló rọ̀ ni, àbí kẹ̀kẹ́ ni? Ọkọ mi ní kí n tà á.

Bọ̀dá Leeds
Àbúrò, má tíì tà á. Raleigh tí bàbá àgbà gùn, tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham tí o wà yẹn gan-an, ibi ìdìmú rẹ̀ ga, ìjókòó rẹ̀ fẹ̀, ó sì ní sípíríǹgì. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ nà ró bí ọba lórí àga. Road bike kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń tẹ èèyàn síwájú kí atẹ́gùn má baà dá a dúró. Bí kò bá wá bá ara ẹni mu, ọwọ́ ni yóò máa gbé ẹrù tó yẹ kí ìdí àti ẹsẹ̀ gbé. Báwo lo ṣe ga tó? Nọ́ńbà wo ni wọ́n kọ sára férémù?

Ọmọ Ìlá, Nottingham
Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 5 ni mo ga, ẹ̀gbọ́n. 54 ni wọ́n kọ sí i, sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Bọ̀dá Leeds
Ó tóbi díẹ̀ fún ẹ. 51 tàbí 52 ni ǹ bá ní kí o wá, àmọ́ ó ṣì ṣeé tún ṣe. Èmi tó ń sọ̀rọ̀ yìí, 58 ni mo kọ́kọ́ rà, èmi tí mi ò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 8 lọ, torí pé wọ́n já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní tó bá yá, á bá mi mu. Ṣé ọmọ ọdún méjìlá ni mí ni, tí mo ṣì ń dàgbà? Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jìyà kí n tó tà á ní ìdajì owó.

Orí ìjókòó ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, má tíì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Fara ti ògiri lórí kẹ̀kẹ́ náà, wọ bàtà tí o fi ń gùn ún, kí o yí pẹ́dà títí ọ̀kan á fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Gbé gìgísẹ̀ lé e. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ nà gbọọrọ, kí ìdí má sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí o bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà bí wọ́n ṣe ń gùn ún, orúnkún á ká díẹ̀. Ibẹ̀ ló dáa. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń gbé ìjókòó wálẹ̀ jù torí a fẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀ tí iná títì bá dá wa dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí o bá fẹ́ dúró, ńṣe ni wàá sọ̀ kalẹ̀ síwájú ìjókòó, kí o fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. Kí ìjókòó náà tẹ́ pẹrẹsẹ o. Tí imú rẹ̀ bá dojú kọlẹ̀, wàá máa yọ̀ síwájú, ọwọ́ ni yóò sì máa dá ẹ dúró. Mo fura sí ìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo irin kúkurú tó so ìwo àgbò rẹ yẹn mọ́ férémù. Stem ni wọ́n ń pè é. Wọ́n máa ń kọ gígùn rẹ̀ sí i lára. Tó bá tó mìlímítà 110, wá 80. Kò wọ́n, kì í sì í pẹ́ pààrọ̀. Rí i pé ẹnu rẹ̀ tó gbá ìwo mú bá tàtijọ́ mu, 31.8 ló wọ́pọ̀ lóde òní. Mìlímítà 30 ò jọ nǹkan lójú, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ á mọ̀.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Bọ̀dá ti sọ̀rọ̀ irin tán, ẹ jẹ́ kí n sọ tara. Àbúrò mi, ṣé o ń wọ pátá sábẹ́ ṣòkòtò kẹ̀kẹ́?

Ọmọ Ìlá, Nottingham
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọn kì í wọ̀ ọ́ ni?

Ìyá Ìbejì, Peckham
Wọn kì í wọ̀ ọ́! Fóòmù inú ṣòkòtò náà ló yẹ kó kan ara. Ojú rírán pátá ló ń bó èèyàn. Ojú ti èmi náà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi. Tó bá ń tì ẹ́, wọ síkẹ́ẹ̀tì tàbí ṣòkòtò fífẹ̀ lé e lórí, kí o sì máa fọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí o bá ti wọ̀ ọ́. Má sì lọ ra ìjókòó tó rọ̀ bíi tìmùtìmù o. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi ń dùn. Tó bá di ogún ìṣẹ́jú, egungun ìdí á ti rì wọnú rẹ̀, fóòmù á wá máa tẹ ibi tí kò yẹ kó tẹ̀. Èyí tó le díẹ̀, tó fẹ̀ dé ibi tí egungun ìdí wà, tí wọ́n gé àárín rẹ̀ kúrò, ló gba èmi là. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ní ohun tí wọ́n fi ń wọn egungun náà: wàá jókòó lé e, ibi tó bá tẹ̀ ni wọ́n á wọ̀n.

Irun náà ńkọ́? Ṣùkú kì í jẹ́ kí àṣíborí jókòó, ńṣe ló ń gbé e sókè bíi fìlà onífìlà. Kọ̀lẹ́sẹ̀ tó tẹ́ mọ́rí ni kí wọ́n dì fún ẹ. Òfin Bírítéènì ò sọ àṣíborí di dandan fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Èmi sọ ọ́ di dandan.

Ẹ̀gbọ́n Houston
Ẹ jẹ́ kí n já lu ọ̀rọ̀ yín: bíréèkì. Lọ́dọ̀ wa ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ òsì ló sábà máa ń di táyà iwájú. Ní Bírítéènì, ọwọ́ ọ̀tún ni. Mo wá kí àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù, mo yá kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo fa ti ọ̀tún gan-an, mo rò pé ẹ̀yìn ni mò ń dì. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ gbéra nílẹ̀! Ọlọ́run ló yọ mí. Àlòkù lo rà, ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀ lè ti yí i padà, nítorí náà máa tì í lọ nílẹ̀ kí o fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.

Ọ̀gá Manchester
Ẹ fún táyà ní atẹ́gùn tó 120 psi, ìyẹn ìwọ̀n bí atẹ́gùn inú rẹ̀ ṣe le tó. Kó le bí òkúta, á sáré, ìrora náà á dópin kíá torí ẹ ó tètè délé.

Bọ̀dá Leeds
Ọ̀gá wa, ẹ má bínú, ayé ìyẹn ti kọjá. Lórí ọ̀nà gbágungbàgun, táyà tó le bí òkúta ń ta èèyàn sókè ni, ọwọ́ àti ọrùn ló sì ń gba gbogbo jìgìjìgì ẹ̀. Àbúrò, ka ẹ̀gbẹ́ táyà. Tó bá jẹ́ 700 x 23, ìyẹn ni pé mìlímítà 23 ló fẹ̀, wo bóyá àyè wà nínú férémù àti bíréèkì fún 25 tàbí 28. Kìlógíráàmù 78 ni mo wọ̀n. Táyà 28 ni mò ń lò, 70 psi lẹ́yìn, 65 níwájú. Ìwọ tó o fúyẹ́ jù mí lọ lè dín in kù díẹ̀. Kó má ṣáà rọ̀ jù, torí tó bá gbá ihò, rímù á gé tíúbù lójú méjì. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí o máa wò ó. Tí ẹnu tíúbù bá tín-ín-rín, Presta nìyẹn. Tú bọ́ọ̀tù kékeré orí rẹ̀ kí o tó fún un. Pọ́ǹpù ilé epo ò ní wọ̀ ọ́ láìní àsopọ̀.

Kò sì sí fọ́kanáísà lẹ́bàá títì níbí o. Tíúbù kan, ike méjì tí wọ́n fi ń ṣí táyà, pọ́ǹpù kékeré, kí wọ́n wà nínú àpò abẹ́ ìjókòó. Inú pálọ̀ ni kí o ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀, kó má jẹ́ pé inú òjò aago mẹ́fà àárọ̀ ni wàá ti kọ́ ọ. Rọra fi ọwọ́ wá inú táyà kí o tó ki tíúbù tuntun bọ̀ ọ́, torí ìgò tó gún ti àkọ́kọ́ lè ṣì wà níbẹ̀.

Àǹtí Birmingham
Fún ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun: ẹ béèrè ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní Cycle to Work níbi iṣẹ́ yín. Láti 1999 ló ti wà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ owó kẹ̀kẹ́ lára owó oṣù kí wọ́n tó yọ owó orí, nítorí náà ẹ ò ní san owó orí àti National Insurance lórí iye yẹn. Láti 2019, kò pọn dandan kí owó kẹ̀kẹ́ mọ sí £1,000 mọ́. Ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ló wà. Ohun tí wọn kì í tètè sọ fún àwa oníṣẹ́ ìtọ́jú ni pé yíyọ náà ò gbọ́dọ̀ fa owó wa wá sábẹ́ iye tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀. Ẹni tó ń gba iye yẹn gan-an ò lè wọ̀ ọ́. Ó máa ń bí mi nínú, torí àwọn tó nílò rẹ̀ jù nìyẹn.

Ẹni tó bá ń ra àlòkù, ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ férémù, kì í ṣe ti ìtóbi rẹ̀, sábà máa ń wà lábẹ́ ibi tí pẹ́dà ti ń yí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí BikeRegister, ìkànnì tí wọ́n ti ń forúkọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ti kéde pé wọ́n jí i. Tó bá jẹ́ ẹrù olè, onítọ̀hún lè gbà á padà, owó yín á sì wọgbó.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Mo gbàgbé nǹkan kan. Má fún ara rẹ mọ́ etí títì. Ibẹ̀ ni ìgò àti ihò gọ́tà wà, tí o bá sì sún kúrò fún mọ́tò pátápátá, ńṣe ni wọ́n á fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ara rẹ gan-an kọjá. Láti 2022 ni Highway Code, ìwé ìlànà ojú títì Bírítéènì, ti sọ pé ó yẹ kí awakọ̀ tó bá fẹ́ kọjá lára wa pẹ̀lú eré tí kò ju máìlì 30 ní wákàtí kan lọ fi àyè mítà 1.5 sílẹ̀, ó kéré tán. Ìwọ náà, fi mítà kan sílẹ̀ sí àwọn mọ́tò tó dúró, torí ẹni tó máa ṣí ilẹ̀kùn láìwẹ̀yìn.

Ọmọ Ìlá, Nottingham
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ọjọ́ kẹwàá rèé. Ìjókòó wálẹ̀ jù lóòótọ́, ó tó íǹṣì kan ààbọ̀ tí mo fi gbé e sókè, imú rẹ̀ sì dojú kọlẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ. 110 ni stem, mo ti fi 80 pààrọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ò kú mọ́. Ọrùn ṣì ń ro mí díẹ̀ tó bá di Fúráìdè. Mo ti wo nọ́ńbà férémù, kò sí wàhálà. Òkè Mapperley ló kù, títì ni mò ń tì í gùn ún.

Bọ̀dá Leeds
Yí gíà kí o tó débi òkè, má dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ bá pin, torí ṣéènì ò fẹ́ ká fipá yí òun. Ka eyín gíà tó tóbi jù lára táyà ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ 25, ní kí wọ́n bá ẹ wò ó bóyá kẹ̀kẹ́ náà lè gba 32.

Ọmọ Ìlá, Nottingham
Ẹ ṣé, sà. Ọkọ mi tó ní kí n tà á ti ń bi mí pé nọ́ńbà wo ló yẹ òun. Ẹsẹ̀ bàtà 6 ni wọ́n ga.

Bọ̀dá Leeds
58. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá má tíì ta tèmi.