Mo fẹ́ fi ayé mi ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn fara pa: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ physiotherapy ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, ìlú tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH ní 1962. Àwọn tó já lórí ọ̀kadà tí wọ́n forí gbálẹ̀ ló jẹ mí lógún jù. Egbò á ti jinná, wọ́n á ti máa rìn, síbẹ̀ bàbá kan á di síbí mú, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ó ń dùn mí gan-an. Ìtọ́jú àti ìwádìí ni mo fẹ́ dà pọ̀. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ kọ́ occupational therapy, ìyẹn ìtọ́jú tó ń kọ́ aláìsàn láti tún máa ṣe nǹkan ojoojúmọ́ fúnra rẹ̀ ni, àbí kí n forí lé PhD? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀, ta ló ń ṣonígbọ̀wọ́ irú ìwádìí báyìí?