Ìdá mẹ́ta: ṣé ọ̀kan nínú mẹ́ta ni àbí ìpín mẹ́ta?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o, ẹ dákun ẹ bá mi dá sí i. Lánàá mo ra kóńgò ẹ̀wà méjìlá lọ́jà, mo wá pe àbúrò ọkọ mi lórí fóònù pé ọ̀nà mẹ́rin ni mo fẹ́ pín in sí, wọ́n ní "Ìyàwó wa, ẹ mú ìdá mẹ́ta sílẹ̀ fún mi, mo ń gbówó bọ̀". Èmi bá wọn kóńgò mẹ́rin torí ohun tí mo mọ̀ sí ìdá mẹ́ta ni pé kéèyàn pín nǹkan sọ́nà mẹ́ta kó mú ẹyọ kan, àfi bí wọ́n ṣe dé tí wọ́n ní mẹ́sàn-án làwọn ń retí, mo sì ti pín ìyókù fáwọn ará ilé. Ojú tì mí gan-an. Èwo ló tọ̀nà?

Tíṣà: Ẹ ò ṣì í o mà. Ẹ wo ìdámẹ́wàá tí wọ́n ń san ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó gba 50,000 náírà, 5,000 ló máa san, ìyẹn ìpín kan nínú mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdámẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ ti kọ́kọ́ dárúkọ ọ̀nà mẹ́rin, nítorí náà àbúrò ọkọ yín ló jàre. "Nínú" ló sọnù níbẹ̀. Ní kíláàsì, mo máa ń gé ọsàn sí mẹ́rin, ọmọ á gbé mẹ́ta dání, á sì fẹnu ara ẹ̀ sọ pé "ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin", kì í gbàgbé mọ́.

Àjọkẹ́: Òótọ́ ni tíṣà sọ, ó sì máa ń dùn mí táwọn èèyàn bá ń gé e kúrò. Láti 2020 ni VAT, ìyẹn owó orí tí ìjọba Nàìjíríà ń gbà lórí ọjà, ti kúrò ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ó di ìdá méje ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ẹnì kan á wá sọ pé "ìdá méje" lásán. Ìdá kan nínú méje ju mẹ́rìnlá lọ nínú ọgọ́rùn-ún o!

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pè wọ́n, mo bẹ̀ wọ́n, mo máa ra kóńgò márùn-ún tó kù lọ́jà ọ̀la. Tíṣà, tó bá wá jẹ́ ọ̀nà méjì ńkọ́, ṣé ìdá méjì ni?

Tíṣà: Ìdajì la máa ń pè é mà. Tẹ́ ẹ bá ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù ẹ fi àmì sí i, kí wọ́n má lọ kà á sí ìdájí, kí wọ́n wá kanlẹ̀kùn yín láago márùn-ún àárọ̀.