Iléyá ti dé tán, onígbáméjì wà níta, kíṣìnnì kì í sì í ṣe tèmi

Ìyàwó Ilé (orúkọ pamọ́), Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú pé mo ní kí ádímìn fi orúkọ mi pamọ́, àbúrò ọkọ mi méjì wà nínú grúùpù yìí. Iléyá di Sunday, June 16, Ojúde Ọba di Tuesday, ọ̀dọ̀ wa sì ni àlejò máa wọ̀ sí lọ́dún 2024 yìí torí regbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ojúgbà) ọkọ mi ń jáde. Èèyàn bí ogójì ló ń bọ̀, Èkó lọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń bọ̀, ti Ìkòròdú wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà sì ti gbọ́ ohun tí ìjọba Èkó kéde lọ́sẹ̀ yìí, pé onígbáméjì (kọ́lẹ́rà) ti bẹ́ sílẹ̀.

Kì í ṣe pé mi ò mọ nǹkan tó yẹ kéèyàn ṣe o. Mama, ìyá ọkọ mi, ló ni kíṣìnnì, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gé ẹran àgbò lórí pákó kan, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lójú ẹ̀, ìyàwó àbúrò ọkọ mi kàn bu omi díẹ̀ lé e, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé kábéèjì sáládì lórí ẹ̀. Mo ní ẹ jẹ́ ká fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ná. Mama wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ nìkan lo mọ́ nínú ilé yìí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo dákẹ́, mo sì jẹ nínú sáládì náà, kí n má parọ́.

Ẹ wá fi kànga kún un, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fọ ìfun. Ìrẹsì tí wọ́n sè ní aago méjì òru máa wà nínú kúlà di ìrọ̀lẹ́. Mo ní ká máa se omi mímu, ọkọ mi ní ṣé gáàsì tí a ó fi se omi fún ogójì èèyàn ni kóun lọ rà, nínú ọ̀wọ́n yìí? Iná ò kí ń wá ju wákàtí mẹ́ta lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é tí kò ní dìjà?

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́nnẹ́
Ọ̀rẹ́ mi pẹ̀lẹ́. Ti pákó yẹn, má tún sọ ọ́ rárá, lọ ra tìẹ ní Òkè-Àjé. Èmi so òwú pupa mọ́ etí tèmi, mo ní ti ewébẹ̀ nìyí, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ìdí. Kó o wá tètè sọ pé ìwọ lo máa ṣe sáládì. Ìyàwó tó bá gba iṣẹ́ ṣe, wọn ò kí ń bá a du iṣẹ́ yẹn, ìyàwó tó ń tọ́ka sí iṣẹ́ ẹlòmíì ni wọ́n ń bá jà.

Bọ̀dá Ṣàgámù
Ẹ̀yin obìnrin ẹ fẹ́ràn ìjayà. Dọ̀tí ò kí ń pa Áfíríkà jàre. Láti kékeré ni mo ti ń da omi kànga sí garí Ìjẹ̀bú mu pẹ̀lú ẹ̀pà, ẹ wá wò mí bí mo ṣe tóbi.

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ
Bọ̀dá, a rí yín, ẹ tóbi lóòótọ́ 😂 Garí ò ní ẹ̀bi, omi tẹ́ ẹ ń dà sí i ni mò ń bá wí. Ìgbẹ́ ẹni tó ní kòkòrò onígbáméjì lára, tó bá wọ inú omi tàbí oúnjẹ, òun ló ń ràn án, ẹni yẹn gan-an lè má mọ̀ pé òun ní i. Kànga tó sún mọ́ sọkawé lásìkò òjò báyìí, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kó hó, kó máa ta fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ó ti tó, kì í ṣe kó gbẹ tán lórí iná. Kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu tóóró ni kẹ́ ẹ dà á sí, ẹ má dà á sí dúrọ́ọ̀mù tí gbogbo èèyàn á máa ti kọ́ọ̀pù bọ̀. Àwọn tó ra piọ̀ wọ́tà náà, ẹ fọ ọ̀rá ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi eyín já a. Ibi tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni áísì! Wọ́n á se sóbò dáadáa, wọ́n á wá ju áísì tí wọ́n fi omi kànga ṣe sí i, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìyàwó Ilé, lójú tèmi ẹ fi sáládì tútù sílẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ bẹ ẹ̀fọ́. Tó bá di dandan, omi tẹ́ ẹ sè tó ti tutù ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹ bu bíliìṣì díẹ̀ sínú omi tẹ́ ẹ máa fi fọ tòmátì, ohun tí a ṣe nígbà Kòrónà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ
Ẹ jọ̀ọ́ rárá o. Kì í ṣe àwa nìkan la ṣe é, ní May 2020 CDC, àjọ tó ń gbógun ti àìsàn ní Amẹ́ríkà, bi èèyàn 502 léèrè, bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló ní òun ti fi bíliìṣì kan oúnjẹ rí. Ìbẹ̀rù ló ń fa ìyẹn. Ẹ̀rù á bani lọ́sẹ̀ kìíní, èèyàn á ṣe àṣejù, tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta ẹ̀rù á lọ, ọṣẹ ìfọwọ́ tó yẹ kó kù gan-an á bá a lọ.

Alápatà
Ìfun lèmi fẹ́ sọ. Ẹ̀yìn ilé ni kẹ́ ẹ ti fọ̀ ọ́, kó jìnnà sí kànga, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, omi ẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣàn padà. Korobá tẹ́ ẹ fi ń fami, ẹ gbé e kọ́, ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ẹ̀jẹ̀ wà. Ẹran tí ò bá ní wọ fíríísà, ẹ gé e kékeré, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ dín in lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Àbúrò Kékeré
Ṣé kò ní dáa kí ọkọ ẹ bá Mama sọ ọ́? Ọmọ wọn ni.

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́nnẹ́
Kí Mama lè ní ìyàwó ló rán ọmọ òun níṣẹ́ sí òun? O ò tíì lọ́kọ, ó hàn 😂

Bàbá Olùkọ́, Ìsọ̀nyìn
Ọmọ mi, mo ti lé ní àádọ́rin. Nígbà tí àìsàn yìí kọ́kọ́ jà ní Nàìjíríà, ìparí 1970 wọ 1971, ọmọ iléèwé ni mí. Igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wa ṣe túmọ̀ orúkọ ẹ̀ fún wa. Ìyá mi ò kàwé, àmọ́ ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn a ò mu omi tí ò kan iná. Mama tìẹ á ti tó mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Má fi ti Èkó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, má sì kọ́ wọn. Bi wọ́n pé, "Mama, kí lẹ ṣe lọ́dún yẹn?" kó o wá jókòó.

Ìyàwó Ilé (orúkọ pamọ́)
Ẹ ṣeun gan-an sà, màá gbìyànjú ẹ̀ lálẹ́ òní. Nọ́ọ̀sì, tó bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ
Ìgbẹ́ tó dà bí omi ìrẹsì, tí ò dáwọ́ dúró: líta kan omi tó mọ́, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tẹ́ ẹ gé orí ẹ̀, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kó máa mu ún bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má dúró kílẹ̀ ó mọ́ o, wákàtí díẹ̀ ló ń gbà. Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe, bó ti wù kó mọ oúnjẹ sè tó, kó kúrò nídìí ìkòkò.

Fíríísà: tó bá kún dáadáa, tẹ́ ẹ ò ṣí i, ó lè gbé òtútù dé bíi wákàtí 48, tó bá jẹ́ ìdajì, bíi 24. Ṣíṣí ẹ̀ ló ń bà á jẹ́ ju àìsí iná lọ. Ti ìrẹsì, kúlà ò burú tí ìrẹsì bá gbóná fẹlifẹli nígbà tẹ́ ẹ bù ú, tó sì ṣì ń gbóná nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ ẹ́. Tó bá ti wá lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ má rò pé gbígbóná á tún un ṣe, oró kan wà nínú ìrẹsì tí iná ò ń pa.

Ìyàwó Ilé (orúkọ pamọ́), alẹ́ Monday
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé. Ìdí ẹ̀gúsí tí a ń bó ni mo ti bi Mama. Wọ́n ò kọ́kọ́ fèsì, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí lọ. Nígbà tó yá wọ́n ní àwọn ní àbúrò obìnrin kan, àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ìrun alẹ́ ò bá a láyé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà nínú ilé yìí, mi ò gbọ́ orúkọ ọmọ yẹn rí.

Lọ́jọ́ kejì àwọn fúnra wọn ló ní kí wọ́n gbé ìkòkò ẹran ńlá yẹn ka orí igi lẹ́yìnkùlé, kí wọ́n se omi sínú ẹ̀ kí wọ́n tó fi bọ ẹran. Ọ̀rọ̀ gáàsì parí síbẹ̀. Wọ́n gbé kẹ́tù àlùwàlá wọn tòun tọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó tì í. Èèyàn ńlá kan fẹ́ rọra kọjá, wọ́n pè é padà níṣojú àwọn ọmọ ẹ̀! Mo fi pákó tuntun gé kárọ́ọ̀tì tí a bọ̀, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ìrẹsì nìkan ni apá mi ò ká, aago méjì òru náà ni wọ́n sè é, ṣùgbọ́n nígbà tọ́sàn-án pọ́n tí kò gbóná mọ́, Mama ní kí wọ́n kó ìyókù fún adìyẹ.

Bọ̀dá Ṣàgámù
Ìrẹsì Iléyá fún adìyẹ??? Ẹran ńkọ́, ó kù?

Ìyàwó Ilé (orúkọ pamọ́)
Itan kan wà nínú fíríísà. Iná ti lọ láti àná, mo jókòó lé ìdérí ẹ̀ báyìí bí mo ṣe ń tẹ èyí.