A ti kọ ara wa, ṣùgbọ́n inú ilé kan náà ni a ṣì ń gbé nítorí àwọn ọmọ

Ìbéèrè
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. London ni èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi ń gbé. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí a ti fẹnu kò pé ìgbéyàwó wa ti parí, ṣùgbọ́n owó ilé tí à ń san fún báńkì kò jẹ́ kí ọ̀kankan nínú wa lè dá ilé gbà, a kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ méjèèjì kúrò ní ilé-ìwé wọn. Pálọ̀ ni mò ń sùn. Bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ń bínú pé ìyàwó tí ó bá ti kọ ọkọ, ilé bàbá rẹ̀ ni ó yẹ kí ó lọ dálé mosú sí (ta ni yóò wá máa sin àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé ní London láti Ìlá-Ọ̀ràngún?). Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti ṣe irú èyí rí, tí ó sì rọ àwọn ọmọ lọ́rùn?

Ìdáhùn kìíní
Èmi ṣe é fún ọdún kan àtààbọ̀. Owó kọ́ ni ó kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀, fíríìjì ni. Mo lẹ bébà mọ́ ìkòkò ọbẹ̀ mi, òun náà lẹ tirẹ̀, títí ọmọbìnrin wa fi dúró síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú àwo ẹ̀bà lọ́wọ́, tí ó ń bi mí pé ẹran ta ni òun lè mú. Alẹ́ ọjọ́ náà ni a ya bébà wọ̀nyẹn dànù, tí a sì pín ọjọ́ ìdáná láàárín ara wa. Ẹ tún fọwọ́ sí ọjọ́ tí ẹnì kan yóò kó jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó di ayálégbé méjì tí kò ní lánlọ́ọ̀dù.

Ìdáhùn kejì
Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2022, kò pọn dandan kí ẹ di ẹ̀bi ru ara yín, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ gbé lọ́tọ̀, kí ilé-ẹjọ́ tó tú yín ká. Ọ̀sẹ̀ 20 ni ẹ ó dúró kí ẹ tó béèrè àṣẹ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ 6 àti ọjọ́ kan kí ẹ tó béèrè ti ìkẹyìn. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè gba Child Benefit (owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san fún títọ́ ọmọ) lórí ọmọ kan, nítorí náà ẹ tètè sọ ọ́ yanjú.

Ìdáhùn kẹta
Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìbàdàn. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa. Ẹnu àbúrò ìyá mi ni mo ti gbọ́, nígbà tí mo ti ń lọ sí ilé-ìwé girama, bẹ́ẹ̀ mo ti ń ka ìgbà tí bàbá mi bá kí ìyá mi láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣé àwọn ọmọ yín mọ̀?

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Wọn kò mọ̀. Irọ́ tí a pa fún wọn ni pé ẹ̀yìn ń dùn mí, ni mo ṣe ń sùn sí pálọ̀. Èyí ẹ̀gbọ́n gbé ìrọ̀rí wá fún mi ní àná.