Lymphocyte ìyá mi lọ sílẹ̀ nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: ṣé ara wọn kò lè jà mọ́ ni?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú ìkàlẹ̀. Dermatomyositis ló ń ṣe ìyá mi, àìsàn tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa dáàbò bo ara fi ń gbógun ti iṣan àti awọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ya irun, wọ́n á fi ìgbọ̀nwọ́ ti orí tábìlì, wọ́n á sì tẹ orí wá bá ọwọ́, nítorí pé apá kò gòkè mọ́. Oṣù kejì rèé tí wọ́n ti ń lo prednisolone, oògùn steroid tó ń dá àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn lọ́wọ́ kọ́. Nínú èsì àyẹ̀wò tí a gbà lánàá, lymphocyte wọn, ìyẹn irú kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà, jẹ́ 0.7, bẹ́ẹ̀ 1.0 sí 4.0 ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó yẹ kó jẹ́. Neutrophil, irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn, sì ga. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun ara ló ń ba iṣan jẹ́, báwo ni wọ́n ṣe wá dín kù nínú ẹ̀jẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn kìíní
Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ojú ọ̀nà ni ẹ̀jẹ̀ jẹ́ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí. Ẹni tó ka àwọn tó wà lójú ọ̀nà kò tíì ka àwọn tó ti wọ inú iṣan lọ. Ìdí kan nìyẹn tí iye wọn fi máa ń lọ sílẹ̀ nínú dermatomyositis, pàápàá irú lymphocyte tí wọ́n ń pè ní T cell. Prednisolone náà tún ń dín lymphocyte kù, ó sì ń tú neutrophil tó lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, tí iye rẹ̀ á fi ga láìsí pé kòkòrò àrùn kankan wọlé. Ẹ wá èsì tí wọ́n ṣe kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn kejì
Ẹ má fi ti màmá wé ti ẹlòmíràn o. Inclusion body myositis, àìsàn iṣan mìíràn, ni ti bàbá mi. Ní tiwọn, ṣe ni T cell tí wọ́n ń pè ní CD8 pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń pè ní CD4 lọ, prednisolone kò sì ran iṣan wọn lọ́wọ́ rárá.

Ìdáhùn kẹta
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n wa àkọ́kọ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó fọkàn yín balẹ̀ jù. Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n ti wo anti-MDA5, antibody kan tí wọ́n máa ń wá nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí pé lymphocyte tó kéré máa ń bá irú dermatomyositis bẹ́ẹ̀ rìn, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ kíákíá. Ikọ́ gbígbẹ, èémí tó ń tán tàbí ibà kì í ṣe ohun tí à ń dúró wò. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá prednisolone náà dúró lójijì.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣé gan-an. Mo rí èsì àtijọ́ náà: 0.9 ni kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe oògùn nìkan ló fà á. Wọn kò wúkọ́, ṣùgbọ́n lánàá wọ́n dúró mí lẹ́ẹ̀mejì lórí àtẹ̀gùn tí wọ́n ti máa ń gùn láìdúró. Mo ti pe dókítà. Ọ̀la ni a ó lọ ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró.